Ẹ Jáde Kúrò ní Pápákọ̀ Òfurufú: Addis Ababa, Ìlú Orí Òkè

Ẹ kú ìkàlẹ̀, ẹ̀yin ènìyàn mi. Ọ̀pọ̀ nínú wa ló ti dé Addis Ababa tí a kò sì rí i. Ọkọ̀ òfurufú gbé wa ní Èkó, ó fò fún bíi wákàtí márùn-ún, ó bà. A jókòó sórí àga irin, a ń ṣọ́ báàgì, a ń wá ibi tí a ó ti fi iná sí fóònù, títí wọ́n fi pe àwọn tó ń lọ sí Dubai tàbí Guangzhou. Bẹ́ẹ̀ ìlú ńlá kan, olú ìlú Ethiópíà, wà lẹ́yìn gíláàsì yẹn. Ó máa ń dùn mí pé a ń kọjá lára rẹ̀ bẹ́ẹ̀. Lónìí, mo fẹ́ mú yín jáde.

Ara yín ni yóò kọ́kọ́ sọ fún yín pé ẹ ti dé. Ẹ gbé báàgì, ẹ gun àtẹ̀gùn díẹ̀, àyà ti ń lù kìkì. Àìsàn kọ́. Ibi tí ẹ dúró sí fi nǹkan bíi mítà 2,355 ga ju òkun lọ, Èkó tí ẹ ti ń bọ̀ sì rèé, etí òkun gan-an ló wà.

Ẹ rántí àpótí aṣọ ìyá àgbà. Aṣọ tó wà nísàlẹ̀ pátápátá ni gbogbo tòkè dùbúlẹ̀ lé, ó fún pọ̀ pinpin. Èyí tó wà lókè rọ̀, ó wú. Bí afẹ́fẹ́ ṣe rí náà nìyẹn. Ìsàlẹ̀ àpótí ni Èkó. Addis sún mọ́ òkè. Bí ẹ bá mí kanlẹ̀ ní Addis, afẹ́fẹ́ tó wọlé kò ju nǹkan bí ìdá mẹ́ta nínú mẹ́rin èyí tí ẹ ń mí ní Èkó lọ. Ohun tó ń mú àyà sáré nìyẹn, ó ń wá ìyókù. Ẹ fún ara ní ọjọ́ méjì mẹ́ta, yóò mọ́ ọn lára. Ẹ rìn jẹ́jẹ́, ẹ mu omi dáadáa, ẹ jẹ́ kí ọtí dúró ná. Bí orí bá ń fọ́ yín, ẹ sinmi. Bí èémí bá ń há yín kódà lórí ìjókòó, ẹ wá dókítà.

Ọ̀rọ̀ kan wà tí mi ò ní fò kọjá, nítorí ó pọ̀ nílé wa. Ẹni tó bá ní àrùn fòníkú-fọ̀ladìde, ì báà jẹ́ SS tàbí SC, ẹ jọ̀ọ́, kí ó bá dókítà rẹ̀ sọ̀rọ̀ kí ó tó ra tíkẹ́ẹ̀tì. Níbi tí afẹ́fẹ́ bá ti fẹ́lẹ́, ẹ̀jẹ̀ wọn lè tètè tẹ̀ bíi dòjé, kí ìrora sì gbé wọn dè. Ẹni tó jẹ́ AS sábà máa ń lọ kó sì bọ̀ láìsí wàhálà. Àmọ́ bí ó bá ń fi tipátipá gun òkè, tí inú bẹ̀rẹ̀ sí í ro ó gidigidi lápá òsì lábẹ́ ìhà, kí ó má ṣe gba àgbo, kí ó má ṣe sùn lé e. Ilé ìwòsàn ni kí ó gbà lọ.

Ó dáa. Kí ló gbé olú ìlú dé ibi gíga báyìí?

Ẹ gbójú sókè síhà àríwá. Òkè Entoto nìyẹn, ó ga ju mítà 3,000 lọ. Orí rẹ̀ ni Menelik, tó jẹ́ ọba Shewa nígbà náà, tẹ̀dó sí láwọn ọdún 1880. Ọ̀rọ̀ ogun ni: ẹni tó wà lókè ni yóò kọ́kọ́ rí ọ̀tá. Kò yẹ kí èyí ṣe àjèjì sí wa. Àwọn Ẹ̀gbá sá sábẹ́ Olúmọ, àwọn ará Ìdànrè sì gbé orí òkè wọn láti ìran dé ìran. Ṣùgbọ́n òtútù Entoto kì í ṣe kékeré. Taytu, aya Menelik, a máa sọ̀ kalẹ̀ lọ wẹ̀ ní Filwoha, níbi tí omi gbígbóná ti ń sun láti inú ilẹ̀. Ibẹ̀ tù ú lára. Ní 1886, wọ́n kọ́ ilé fún un síbẹ̀, ó sì sọ ibẹ̀ ní Addis Ababa, ìyẹn òdòdó tuntun. Àwọn ìjòyè tẹ̀lé e, wọ́n kọ́ tiwọn. Nígbà tí wọ́n fi máa dé Menelik ládé ọba gbogbo Ethiópíà ní 1889, nínú ṣọ́ọ̀ṣì Màríà tó wà lórí Entoto títí di òní, ìlú ti ń gbèrú nísàlẹ̀. Menelik ni ọ̀pọ̀ ènìyàn ń dárúkọ bí wọ́n bá ń sọ ìtàn ìlú yìí. Lójú tèmi, Taytu ló tẹ̀ ẹ́ dó, ó sì yẹ kí a máa sọ ọ́ bẹ́ẹ̀.

Igi ìdáná ló kù díẹ̀ kó tú ìlú náà ká. Òtútù ń mú, oúnjẹ ń fẹ́ iná, gbogbo ènìyàn ń gé igi, òkè yíká sì ṣí sílẹ̀ gbalaja. Menelik tilẹ̀ ti fẹ́ kó lọ sí Addis Alem ní ìwọ̀-oòrùn, ayé tuntun ni ìtumọ̀ orúkọ yẹn. Igi yukalíptọ́ọ̀sì tó wá láti Ọsirélíà ló dá wọn dúró: ẹ gé e lónìí, kùkùté rẹ̀ tún rúwé, kò sì pẹ́ tí yóò fi ga. Bí ẹ bá gun Entoto, ẹ fi ọwọ́ ra ewé rẹ̀ kan, ẹ gbọ́ òórùn rẹ̀. Òórùn róòbù tí wọ́n ń fi pa wá láyà nígbà ọ̀fìnkìn ni. Lójú ọ̀nà yẹn kan náà ni ẹ ó ti pàdé àwọn obìnrin tó ń ru ìdì ẹ̀ka rẹ̀ bọ̀ nísàlẹ̀. Ẹ̀yìn ni wọ́n ń gbé e sí, wọn kì í rù ú lórí bíi tiwa. Ìdì náà gùn ju ẹni tó gbé e lọ, ó fẹ̀ débi pé ó gba ojú ọ̀nà. Okùn gba àyà kọjá, ẹ̀yìn tẹ̀, ẹsẹ̀ ń wá ibi tí yóò tẹ̀ láàárín òkúta. Ẹ yà fún wọn, kí ẹ kí wọn. Ẹ má ṣe na fóònù sí wọn láìgba àṣẹ.

Ẹ tètè jí lọ́jọ́ kan, kí ẹ lọ sí gbàgede Meskel. Kí oòrùn tó yọ, àwọn ènìyàn ti ń sáré níbẹ̀, lọ-bọ̀, lọ-bọ̀. Ẹni tó bá ń gbé níbi tí afẹ́fẹ́ ti fẹ́lẹ́, ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ máa ń kọ́ bí a ti ń gbé èémí díẹ̀ dé ibi gbogbo lára. Ó wà lára ohun tó ran Abebe Bikila lọ́wọ́, ẹni tó sáré maratọ́ọ̀nù ní Róòmù lọ́dún 1960 láìwọ bàtà, tó gba góòlù, tó tún gba òmíràn ní Tokyo ní 1964.

Ibi méjì ni mo bẹ̀ yín kí ẹ má fò. Àkọ́kọ́ ni Africa Hall. Níbẹ̀ ni àwọn olórí orílẹ̀-èdè Áfíríkà ti kóra jọ ní ọjọ́ 25 oṣù Karùn-ún 1963, tí wọ́n fọwọ́ sí ìwé ìdásílẹ̀ OAU, àjọ ìṣọ̀kan àwọn orílẹ̀-èdè Áfíríkà. Tafawa Balewa wa wà níbẹ̀. Gíláàsì aláwọ̀ ńlá tí Afewerk Tekle ṣe sí ibẹ̀, ẹ dúró níwájú rẹ̀ títí ìmọ́lẹ̀ yóò fi yí padà lára rẹ̀. Èkejì ni ilé àkójọ ohun ìṣẹ̀ǹbáyé ti orílẹ̀-èdè náà, ilé Lucy, ẹ̀dá ayé àtijọ́ kan tó jẹ́ ẹbí ìran ènìyàn, tí wọ́n wú eegun rẹ̀ nílẹ̀ Afar ní 1974. Eegun náà ti lé ní ọ̀kẹ́ àìmọye ọdún, mílíọ̀nù 3.2 ni wọ́n kà á sí. Dinkinesh ni wọ́n ń pè é nílé, ìyẹn ni pé, àrà ni ọ́. Ó kéré, kò fi bẹ́ẹ̀ ga ju mítà kan lọ.

Ẹ kíyè sí aago o. Àwọn ará ibẹ̀ ń ka wákàtí láti ìgbà tí ilẹ̀ bá mọ́. Aago méje òwúrọ̀ lójú fóònù yín, aago kan ni lẹ́nu wọn. Bí awakọ̀ bá ní òun ń bọ̀ ní aago méjì, ẹ bi í: aago tiyín ni tàbí tiwa? Kàlẹ́ńdà wọn náà yàtọ̀. Oṣù mẹ́tàlá ló wà nínú ọdún wọn, ó fi ọdún méje tàbí mẹ́jọ wà lẹ́yìn tiwa, nínú oṣù Kẹsàn-án tiwa ni wọ́n sì ń ṣe ọdún tuntun. Ìgbà yẹn ni òdòdó pupa rúsúrúsú kan máa ń bo ẹ̀gbẹ́ òkè, nígbà tí òjò bá ń kásẹ̀ nílẹ̀. Oṣù Keje àti Kẹjọ ni òjò náà le jù; ẹ mú súwẹ́tà dání nígbàkígbà tí ẹ bá ń lọ, oòrùn ọ̀sán ibẹ̀ a máa ta, òru rẹ̀ a sì máa mú.

Nípa ìwà, ọkàn yín yóò balẹ̀. Èdè Amharic ní “ẹ” fún àgbà, bíi tiwa gẹ́lẹ́: “erswo” ni wọ́n ń sọ. Ọwọ́ ọ̀tún ni wọ́n fi ń jẹun, gbogbo wọn yí àwo kan ṣoṣo ká, injera ló wà nínú rẹ̀, búrẹ́dì wọn pẹlẹbẹ tó rọ̀. Bí ẹnì kan bá dì í lókèlè tó nà án sí yín lẹ́nu, ẹ gbà á. Gursha nìyẹn, ìfẹ́ ni. Ọjọ́rú àti Ẹtì, ọ̀pọ̀ Kristẹni ibẹ̀ kì í jẹ ẹran. Ẹ béèrè beyaynetu, ẹ̀fọ́, ẹ̀wà àti ọbẹ̀ oríṣiríṣi lórí injera.

Bí wọ́n bá wá pè yín sídìí kọfí, ẹ jókòó. Wọ́n ti fọ́n koríko tútù sílẹ̀. Obìnrin ilé jókòó sórí àpótí kékeré, ó ń yan èso kọfí tútù nínú páànù lórí èédú, ó ń mì í. Ó ń ta paà, paà. Ó gbé páànù yí gbogbo yín ká, kí kálukú fi ọwọ́ fa èéfín rẹ̀ sí imú. Tùràrí ń jó lẹ́gbẹ̀ẹ́ kan. Ó gún un, ó dà á sínú jebena, ìkòkò amọ̀ ọlọ́rùn gígùn, ó gbé e kaná. Omi tètè ń hó níbi gíga, bíi ìwọ̀n 92 péré, kì í dé 100. Ó gbé ìpápánu wá, ẹ wò ó: gúgúrú ni, gúgúrú tiwa gan-an. Lẹ́yìn náà ó gbé jebena sókè, ó ń ṣàn án tẹ́ẹ́rẹ́ láti ife dé ife láìdúró.

Ife àkọ́kọ́ ni abol, èkejì ni tona, ẹ̀kẹta ni bereka, ìbùkún nìyẹn. Kò dáa kí àlejò dìde kí ó tó kan bereka. Nítorí náà, bí ó bá jẹ́ pé ẹ fẹ́ wọkọ̀ lọ́jọ́ náà, ẹ tètè sọ fún obìnrin ilé náà kí ó tó dáná. Yóò yára díẹ̀ nítorí yín. Ẹ ó mu mẹ́tẹ̀ẹ̀ta.