Tí ìbéèrè bá le: báwo ni àwọn Mọ́mọ́nì ṣe ń dáhùn?

Ẹ kú ìjókòó o, ẹ̀yin olùwòran wa. Ẹ fojú inú wo ẹnu ọ̀nà kan. Ọ̀dọ́mọkùnrin méjì dúró síbẹ̀, wọ́n wọ ṣẹ́ẹ̀tì funfun, wọ́n so táì, báájì dúdú pélébé tó gbé orúkọ wọn wà láyà wọn. Onílé gbọ́ wọn tán, ó wá bi wọ́n pé: "Wòlíì yín tí ẹ ń sọ yìí, ìyàwó mélòó ló fẹ́?" Àwọn méjèèjì wo ojú ara wọn.

Ohun tó máa ń jáde lẹ́nu wọn lẹ́yìn ìwojú yẹn ni mo fẹ́ bá yín sọ lónìí. Ìdáhùn náà kì í ṣe ẹyọ kan, ó sì ti yí padà gan-an láàárín ogójì ọdún.

Orúkọ ná. Ìjọ Jésù Krístì ti Àwọn Ẹni Mímọ́ Ọjọ́ Ìkẹhìn ni wọ́n ń jẹ́. Joseph Smith, wòlíì tí onílé yẹn ń bèèrè nípa rẹ̀, ló dá a sílẹ̀ ní ìpínlẹ̀ New York lọ́jọ́ 6 oṣù Kẹrin ọdún 1830, Salt Lake City ní Utah sì ni olú ilé ìjọ náà wà. Lọ́dún 2018, Russell M. Nelson tó jẹ́ ààrẹ wọn nígbà náà ní kí wọ́n yé lo "Mọ́mọ́nì" fún ìjọ àti ọmọ ìjọ. Mo lò ó níbí nítorí orúkọ yẹn ni ọ̀pọ̀ yín fi mọ̀ wọ́n, mi ò fi rí ẹnikẹ́ni fín.

Ìdáhùn tí ẹ máa kọ́kọ́ gbọ́ ni ẹ̀rí. Lọ́jọ́ Ìsinmi àkọ́kọ́ nínú oṣù, tí wọ́n máa ń gbààwẹ̀, ọmọ ìjọ tó bá wù ló lè bọ́ síwájú kó sọ ohun tó dá a lójú. "Mo mọ̀" ni ọ̀rọ̀ tó máa ń jáde jù níbẹ̀. Wọ́n á ní, "Mo mọ̀ pé òtítọ́ ni ìjọ yìí." Ìparí Ìwé ti Mọ́mọ́nì, ìwé mímọ́ tí wọ́n ń lò pẹ̀lú Bíbélì, ló kọ́ wọn bẹ́ẹ̀: kí ẹni tó bá kà á bèèrè lọ́wọ́ Ọlọ́run bóyá òótọ́ ni, Ẹ̀mí Mímọ́ á sì fi hàn án.

Lójú ẹni tó wà níta, ó máa ń dà bíi pé wọ́n yẹ ìbéèrè sílẹ̀ ni. Mi ò rò bẹ́ẹ̀ pátápátá. Ibi tí ẹsẹ̀ ìgbàgbọ́ òun wà gan-an ni ẹni náà ń fi hàn yín. Ẹ má sì gbàgbé pé inú ìbéèrè ni wọ́n ti bí ìjọ yìí. Ọmọ ọdún mẹ́rìnlá ni Joseph Smith nígbà tó ka ìwé Jákọ́bù pé kí ẹni tí ọgbọ́n bá kù fún bèèrè lọ́wọ́ Ọlọ́run. Ó wọ inú igbó lọ gbàdúrà láti mọ ìjọ tí òun máa darapọ̀ mọ́. Ẹni tí irú ìtàn yẹn bí kò gbọ́dọ̀ bẹ̀rù ìbéèrè.

Àmọ́ ẹ̀rí ní ibi tí agbára rẹ̀ mọ. Tí èèyàn bá bi ọ́ pé, "Ṣé nǹkan yìí ṣẹlẹ̀?", tí o wá dá a lóhùn pé, "Mo mọ̀ pé wòlíì ni," ìbéèrè mìíràn lo dáhùn yẹn. Ti ẹni tó bi ọ́ ṣì wà nílẹ̀.

Àpèjúwe kan wà tí àwọn ọmọ ìjọ máa ń lò láàárín ara wọn: pákó tí wọ́n kàn mọ́ ògiri láti máa kó ẹrù lé. Ìbéèrè tí o kò bá rí ojútùú rẹ̀, gbé e lé pákó, máa bá ìgbàgbọ́ rẹ lọ, bó pẹ́ bó yá, á yé ọ. Àwọn tó kúrò nínú ìjọ náà kò gbàgbé àpèjúwe yìí. Wọ́n á ní pákó àwọn kán.

Kí ló ń mú un kán? Ẹ jẹ́ ká wo nǹkan kan nítòsí. Òkúta kan rèé, kò ju ẹyin lọ, àwọ̀ rẹ̀ dúdú rúsúrúsú, ilà tẹ́ẹ́rẹ́tẹ́ẹ́rẹ́ wà lára rẹ̀. Fún ọ̀pọ̀ ọdún, àwòrán tí àwọn ọmọdé ń rí nínú ìwé ẹ̀kọ́ ìjọ ni Joseph Smith tó jókòó ti tábìlì, tí àwọn àwo wúrà tó sọ pé ańgẹ́lì fi han òun, tí òun sì túmọ̀ sí Ìwé ti Mọ́mọ́nì, wà ní ṣíṣí níwájú rẹ̀, bí ẹni ń kàwé. Ṣùgbọ́n Emma ìyàwó rẹ̀ àti David Whitmer, tí wọ́n sún mọ́ iṣẹ́ ìtúmọ̀ náà, sọ ohun mìíràn: ó máa ń gbé òkúta sínú fìlà, á wá ti ojú bọ inú fìlà náà kí ìmọ́lẹ̀ má baà wọlé, á sì máa pe ọ̀rọ̀ jáde kí akọ̀wé kọ ọ́ sílẹ̀. Òkúta náà ti wà lọ́wọ́ ìjọ tipẹ́. Ní oṣù Kẹjọ ọdún 2015 ni wọ́n tó tẹ àwòrán rẹ̀ jáde fún gbogbo ayé.

Ẹni tó gbà pé ańgẹ́lì fara hàn, kí ló máa le nínú òkúta? Àwòrán àtijọ́ yẹn ló dun ọ̀pọ̀ wọn. Ohun tó ń jẹ ọkàn wọn ni pé, "Ẹ mọ̀, ẹ ò sì sọ fún wa." Mo gbà pé ibẹ̀ gan-an ni ọgbẹ́ náà wà, ẹni tó bá fojú kéré rẹ̀ kò tíì gbọ́ àwọn èèyàn wọ̀nyí dáadáa.

Ní Sweden, ọ̀rọ̀ náà le débi pé lọ́dún 2010, àwọn òpìtàn ìjọ fò láti Utah lọ bá àwọn ọmọ ìjọ tó ní ìbéèrè jókòó. Hans Mattsson, tó ti wà nípò gíga nínú ìjọ ní Yúróòpù, wà lára àwọn tó ní ìbéèrè náà. Lọ́dún 2013, ó sọ iyèméjì rẹ̀ fún ìwé ìròyìn New York Times.

Láti òpin ọdún 2013 títí di 2015, ìjọ bẹ̀rẹ̀ sí í gbé àwọn àpilẹ̀kọ jáde fúnra rẹ̀ lórí àwọn ọ̀rọ̀ tó le jù. Ibẹ̀ ni ìdáhùn sí ìbéèrè onílé wa wà: àwọn tó fara balẹ̀ ṣírò rẹ̀ ní àwọn ìyàwó Joseph Smith tó ọgbọ̀n sí ogójì, àwọn kan lára wọn ti ní ọkọ tẹ́lẹ̀, ó sì ku oṣù mélòó kan kí èyí tó kéré jù pé ọmọ ọdún mẹ́ẹ̀ẹ́dógún. Àlàyé tí ọmọ ìjọ máa ń fi tì í lẹ́yìn ni pé àwọn ìgbéyàwó kan jẹ́ ti ayé àìnípẹ̀kun nìkan, pé àwọn ọmọbìnrin máa ń tètè lọ́kọ láyé ìgbà náà, pé Ábúráhámù náà fẹ́ ju ẹyọ kan lọ, àti pé lọ́dún 1890, Wilford Woodruff, ààrẹ ìjọ nígbà náà, kéde òpin àṣà náà. Àlàyé yẹn ní ìwọ̀n tirẹ̀. Ṣùgbọ́n ẹni tó bá ní ọmọbìnrin ọdún mẹ́rìnlá nílé kì í tètè gbé e mì.

Èyí tó wú mi lórí jù ni ti àwọn èèyàn dúdú, nítorí níbẹ̀ ni ìdáhùn ti kọ́kọ́ jẹ́ àṣìṣe ńlá. Lọ́dún 1852, Brigham Young, ààrẹ ìjọ lẹ́yìn Joseph Smith, kéde pé ọkùnrin tó bá ní ẹ̀jẹ̀ Áfíríkà kò lè gba oyè àlùfáà. Bẹ́ẹ̀ sì rèé, Elijah Abel, ọkùnrin dúdú, ti gba oyè náà lọ́dún 1836. Nígbà tí àwọn èèyàn ń bèèrè ìdí, àwọn olùkọ́ dá ìdáhùn sílẹ̀: ègún Kéènì ni, tàbí pé wọn kò ṣe akin tó kí wọ́n tó wáyé. Ìfòfindè náà kò kúrò títí di oṣù Kẹfà ọdún 1978, nígbà tí Spencer W. Kimball jẹ́ ààrẹ ìjọ. Lóṣù Kẹjọ ọdún yẹn, Bruce R. McConkie, ọ̀kan lára àwọn Àpọ́sítélì Méjìlá tó wà lára àwọn aṣáájú ìjọ, ní kí wọ́n gbàgbé gbogbo ohun tí òun àti àwọn mìíràn ti sọ tó lòdì sí ìṣípayá tuntun náà, pé òye àwọn kéré nígbà náà. Àpilẹ̀kọ ọdún 2013 wá kọ àwọn ìdí àtijọ́ yẹn sílẹ̀ pátá. Bóyá Ọlọ́run ló ní kí wọ́n ṣe é, tàbí èèyàn ló ṣì í ṣe, ọmọ ìjọ méjì lórí ìjókòó kan náà lè dáhùn rẹ̀ lọ́tọ̀ọ̀tọ̀ títí dòní.

Ìgbà mìíràn, ọ̀rọ̀ kékeré ni ìdáhùn máa ń yí. Láti 1981 ni ọ̀rọ̀ ìṣáájú Ìwé ti Mọ́mọ́nì ti ń sọ pé àwọn ará Lámánì, ọ̀kan lára àwọn ènìyàn tí ìwé náà sọ ìtàn wọn, ni olórí baba ńlá àwọn ọmọ onílẹ̀ Amẹ́ríkà. Lẹ́yìn tí àwọn onímọ̀ ìjìnlẹ̀ yẹ ẹ̀jẹ̀ wò tí ó tọ́ka sí Éṣíà, ìjọ yí i sí pé àwọn ará Lámánì wà lára àwọn baba ńlá wọn.

Lọ́dún 2016, M. Russell Ballard, tí òun náà jẹ́ ọ̀kan lára àwọn Méjìlá, sọ fún àwọn olùkọ́ ìjọ pé ìgbà tí akẹ́kọ̀ọ́ ń bèèrè ìbéèrè tòótọ́, tí olùkọ́ á ní kó má dara rẹ̀ láàmú, ti kọjá lọ. Inú mi dùn sí ọ̀rọ̀ yẹn. Ó pẹ́ kó tó wá.

Ṣùgbọ́n ẹnu ọ̀nà kọ́ ni ibi tó le jù. Onílé lè ti ilẹ̀kùn rẹ̀, kó lọ sùn. Ìbéèrè tó le jù ni èyí tó ti inú yàrá wá lóru, láti ẹnu ìyàwó tàbí ọkọ. Wọ́n so ìgbéyàwó wọn pọ̀ nínú tẹ́mpìlì fún ayérayé, kì í ṣe títí dọjọ́ ikú nìkan. Tí ọ̀kan bá wá ní, "Mo ń ka nǹkan kan, kò jẹ́ kí n sùn," èkejì lè gbọ́ ọ bíi pé ayérayé ló ń lọ lọ́wọ́ òun. Ìbẹ̀rù yẹn ló ń mú kí àwọn kan pariwo, kí àwọn kan sá lọ pe bíṣọ́ọ̀bù, kí àwọn mìíràn kẹ̀yìn sí ara wọn. Gbólóhùn tó lè mú kí ọ̀rọ̀ náà tẹ̀ síwájú láàárín wọn kò gùn rárá: "Kí lo kà? Tan iná, jẹ́ ká jọ kà á."