Bí Mo Ṣe Ń Ṣètò Ọ́fíìsì Àjọ Tó Ń Fi Sólà Sí Ibùdó Ìlera

Ẹ káàbọ̀ o. Orí tábìlì mi lẹ ń wò yìí, ní ọ́fíìsì wa n'Ìbàdàn. Àjọ wa máa ń fi iná sólà sí àwọn ibùdó ìlera kéékèèké ní Ìbàràpá àti Òkè-Ògùn, a kì í sì í gba kọ́bọ̀ lọ́wọ́ wọn. Èmi kì í gun òrùlé. Iṣẹ́ tèmi ni kí ẹni tó fẹ́ gun òrùlé bá àkàbà, wáyà, owó ọkọ̀ àti lẹ́tà ìyọ̀ǹda níbi tó yẹ kí wọ́n wà, kí ẹni tó fún wa lówó sì rí ibi tí owó rẹ̀ wọlé sí. Ẹni tó ṣẹ̀ṣẹ̀ gba irú iṣẹ́ yìí ni mo ń bá sọ̀rọ̀ lónìí.

Orí fáìlì ni ká ti bẹ̀rẹ̀. Ibùdó kan, fáìlì kan. Ẹ má fi oṣù to ìwé yín, ẹ má sì fi orúkọ ẹni tó fúnni lówó tò ó. Olówó lè yí padà, ibùdó yẹn á ṣì wà níbẹ̀. Ẹ wo eléyìí. Ohun tó ṣíwájú nínú rẹ̀ ni àdéhùn tí àwa, ìjọba ìbílẹ̀ àti ìgbìmọ̀ ìlera ìlú náà jọ tọwọ́ bọ̀: ta ló ni ẹrù, ta ló máa fọ páńẹ́lì, ọwọ́ ta ni kọ́kọ́rọ́ máa wà. Lẹ́yìn ìyẹn ni ohun tí wọ́n ń lo iná fún àti iye wákàtí tí wọ́n ń lò ó: gílóòbù yàrá ìgbẹ̀bí, gílóòbù ọ̀dẹ̀dẹ̀, ibi tí wọ́n ti ń ṣáájì fóònù. Fíríìjì abẹ́rẹ́ àjẹsára ní páńẹ́lì tirẹ̀ lọ́tọ̀, a sì kọ ọ́ sínú àdéhùn pé ẹnikẹ́ni ò gbọ́dọ̀ so fáànù mọ́ ọn, nítorí ìwọ̀n 2 sí 8 lójú òṣùwọ̀n Celsius ni fíríìjì yẹn gbọ́dọ̀ wà tọ̀sántòru.

Ojú ìwé tó kàn ni mi ò fi ṣeré rárá. Ojú ìwé nọ́ńbà ẹrù ni. Ẹ sún mọ́ ọn. Gbogbo páńẹ́lì ló ní nọ́ńbà tí ilé iṣẹ́ tó ṣe é lẹ̀ mọ́ ẹ̀yìn rẹ̀. Bátìrì àti ínfátà náà ní tiwọn. Kí ẹrù tó kúrò ní sítọ̀ ni kí ẹ ya fọ́tò nọ́ńbà yẹn, kí ẹ sì tún fọwọ́ kọ ọ́ sílẹ̀, torí tí wọ́n bá ti kan páńẹ́lì mọ́ òrùlé tán, ta ló tún fẹ́ rí ẹ̀yìn rẹ̀?

Owó ni mo fi kọ́ ọgbọ́n yìí. Lọ́dún tí mo kọ́kọ́ dé, bátìrì méjì kú ní ibùdó kan láàárín oṣù mẹ́jọ, gàràǹtì ọdún kan sì wà lórí wọn. Ẹni tó tà wọ́n fún wa ní ká mú nọ́ńbà wọn wá, pẹ̀lú ọjọ́ tí a gbé wọn síṣẹ́. Ásíìdì ti jẹ bébà tó wà lára wọn. Rìsíìtì wà lọ́wọ́ mi lóòótọ́, ṣùgbọ́n bátìrì mẹ́rìndínlógún ló wà lórí rẹ̀, ibùdó mẹ́rin la sì pín wọn sí. Mi ò lè fi ìwé kankan hàn án pé àwọn rèé. Ó ní òun ò lè gbà wọ́n, mi ò sì rí nǹkan kan fi bá a jà. Oṣù mẹ́ta gbáko ni àwọn agbẹ̀bí ibẹ̀ fi ń fẹnu gbá tọ́ọ̀ṣì mú, tí wọ́n fi ń gbẹ̀bí lóru, kí a tó rówó ra òmíràn. Ìdí nìyí tí mo fi ń tẹnu mọ́ nọ́ńbà.

Ó kan sítọ̀. Ohunkóhun tó bá jáde gbọ́dọ̀ ní ìwé: ẹni tó béèrè rẹ̀, ẹni tó fọwọ́ sí i, ẹni tó gbé e, ibi tó ń lọ. Ẹ̀dà méjì ni. Nọ́ọ̀sì àgbà ibùdó á tọwọ́ bọ ọ̀kan, ìyẹn á sì padà wá bá wa. Wáyà tó bá ṣẹ́kù gbọ́dọ̀ padà, ká wọ̀n ọ́n. Àwọn kan á ní, ṣé torí wáyà mítà mẹ́ta náà ni? Bẹ́ẹ̀ ni o. Bàbà ló wà nínú rẹ̀, ọjà sì wà fún bàbà.

Ó wá di ọ̀rọ̀ owó. Ẹni tó béèrè owó kọ́ ló ń fọwọ́ sí i, ẹni tó fọwọ́ sí i kọ́ ló ń san án. Bí ẹ bá jẹ́ ẹni mẹ́ta péré ní ọ́fíìsì yín, ẹ ti pé. Ní ti owó kékeré tó wà fún ìnáwó ojoojúmọ́, ẹ dá iye kan fún un. Ẹ ka owó tó kù nínú àpótí, ẹ ro ó pọ̀ mọ́ rìsíìtì tó wà níbẹ̀: iye yẹn náà ló gbọ́dọ̀ jẹ́, ọjọ́ yòówù kí ẹ kà á. Àwọn ọlọ́kadà Òkè-Ògùn kì í já rìsíìtì fúnni, nítorí náà fọ́ọ̀mù kékeré kan wà tí òṣìṣẹ́ wa máa ń mú lọ: ọjọ́, ibi tó ti gbéra, ibi tó sọ̀ sí, iye tó san, nọ́ńbà fóònù ọlọ́kadà, kí ó tó wá tọwọ́ bọ̀ ọ́.

Ẹ máa kọ ọjọ́ àti iye tí wọ́n ń ṣẹ́ dọ́là sórí gbogbo bọ́jẹ́ẹ̀tì. Ọjọ́ 29 oṣù Karùn-ún ọdún 2023 ni wọ́n kéde pé owó ìrànwọ́ orí epo ti lọ. Kí oṣù Kẹfà tó parí, wọ́n ti tú náírà sílẹ̀, kí ọjà máa fúnra rẹ̀ dá iye tí wọ́n ń ṣẹ́ ẹ. Láti ìbẹ̀rẹ̀ ọdún la ti kọ bọ́jẹ́ẹ̀tì tiwa, kò sì sí ìlà kan tí kò yẹ̀ nínú rẹ̀. Láti ìgbà náà, tí owó bá ti wọlé, ohun tó ń ti òkè òkun wá la kọ́kọ́ ń rà, ìyẹn bátìrì, páńẹ́lì àti ínfátà. Owó ọkọ̀ ń dá dúró ní ìlà tirẹ̀. Bí nǹkan bá sì yí padà, lọ́sẹ̀ yẹn gan-an ni mo ń kọ̀wé sí àwọn tó fún wa lówó. Mi ò jẹ́ kó di ìgbà ìròyìn òpin ọdún.

Kàlẹ́ńdà tó wà lára ògiri yìí, ti ìjọba ni. Owó orí òṣìṣẹ́ gbọ́dọ̀ ti dé ọ̀dọ̀ ìjọba ìpínlẹ̀ kí ọjọ́ 10 oṣù tó tẹ̀lé e tó kọjá. Bí òṣìṣẹ́ yín bá ti tó mẹ́ẹ̀ẹ́dógún, owó ìfẹ̀yìntì wọn gbọ́dọ̀ lọ láàárín ọjọ́ iṣẹ́ méje lẹ́yìn tí ẹ bá san owó oṣù. Ìròyìn ọdọọdún ti CAC, iléeṣẹ́ ìjọba tó ń forúkọ iléeṣẹ́ àti àjọ sílẹ̀, fún irú àjọ tiwa, láàárín ọjọ́ 30 oṣù Kẹfà sí 31 oṣù Kejìlá ni. Ẹ forúkọ sílẹ̀ lọ́dọ̀ SCUML pẹ̀lú, ìyẹn ẹ̀ka ìjọba tó ń ṣọ́ kí wọ́n má máa fọ owó ẹ̀gbin mọ́.

Ìpè àárọ̀ Ẹtì ló kù. Mo máa ń pe ibùdó kọ̀ọ̀kan kí oòrùn tó yọ dáadáa, nígbà tí wọ́n ti pa iná. Ní oṣù Kìíní, láàárín ọyẹ́, mo pe ibùdó kan.

"Màmá Nọ́ọ̀sì, ẹ káàárọ̀ o. Kí ni mítà bátìrì sọ?"

"12.2 ni, ọmọ mi."

Mo ṣí fáìlì wọn. 12.6 ló wà níbẹ̀ fún ọ̀sẹ̀ tó kọjá. Bátìrì fólítì 12 tó kún á tó 12.7, èyí tó bá sì ti ń lọ sí 12.1 ti jẹ tó ìdajì, kò yẹ kí ti ibùdó yẹn rẹlẹ̀ jù bẹ́ẹ̀ lọ.

"Ṣé wọ́n ti fọ páńẹ́lì?"

"Ọmọ tó máa ń fọ̀ ọ́ ti padà sílé ẹ̀kọ́ láti ọ̀sẹ̀ méjì."

Mo wo àdéhùn. Ìgbìmọ̀ ìlera ìlú ló ni fífọ páńẹ́lì. Mi ò rán òṣìṣẹ́ lọ, alága ìgbìmọ̀ ni mo pè. Lọ́jọ́ Sátidé, wọ́n rí ẹni fi omi àti aṣọ rírọ̀ nù ún. Àárọ̀ ọjọ́ Ajé, mo tún pe Màmá Nọ́ọ̀sì: 12.6. Mo kọ ọ́ sí fáìlì.