Mi Ò Gbọ́ Ohun Tí Ẹ̀ Ń Sọ

Ẹ kú ìkàlẹ̀ o, ẹ̀yin èèyàn mi. Ẹ kú iṣẹ́, ẹ kú ìrọ́jú. Èmi nìkan ni mo wà nídìí máíkì lónìí. Ẹni tó yẹ ká jọ tàkurọ̀sọ ní òun ń ṣiṣẹ́ òru, mo ní kò burú. Ó tiẹ̀ dáa bẹ́ẹ̀, torí ọ̀rọ̀ tí mo fẹ́ sọ yìí, tí ẹlòmíràn bá wà níwájú mi, ẹ̀rín ni màá fi bò ó mọ́lẹ̀.

Ọ̀rọ̀ àwọn ìyá anìkàntọ́mọ ni, àwọn tí ọwọ́ òfin bà nítorí ọmọ. Mi ò ní sọ ọ́ bíi lọ́yà, torí mi ò kì í ṣe lọ́yà. Síkiọ́rítì ni mo ṣe. Ẹ̀wù dúdú, bàtà dúdú, rédíò kékeré léjìká tí kì í gbọ́ràn. Ẹ mọ̀ ọ́n, ọ̀pọ̀ nínú yín ló ti wọ̀ ọ́ rí. Bí mo ṣe débi iṣẹ́ náà, ọ̀rọ̀ ìwé, ẹni tó bá mi sọ̀rọ̀, gbogbo ìyẹn, ẹ jẹ́ ká fò ó.

Ilé ìtajà ńlá kan ni, lọ́sàn-án ọjọ́ Ìṣẹ́gun. Obìnrin kan ti kẹ̀kẹ́ ọmọ wọlé, ọmọ ń sùn nínú rẹ̀. Mo rí i tó ki tíìnì mílíìkì ọmọ ọwọ́ kan sábẹ́ bùláńkẹ́ẹ̀tì. Ó rìn lọ díẹ̀. Ó dúró. Ó padà wá, ó ki èkejì.

Ìpadàbọ̀ yẹn ni mi ò lè gbàgbé. Ẹni tó mọ olè jà kì í padà. Ẹni tó ń ka oúnjẹ ọmọ lọ́jọ́ lọ́jọ́ ló ń padà, tó ti ṣírò rẹ̀ lórí pé ọ̀kan ò ní gbé e dé ìparí oṣù.

Mo tẹ rédíò. Ọjọ́ yẹn ló wá ṣiṣẹ́, ẹ ò rí nǹkan! Ọ̀gá dé, wọ́n ní kí n dúró ti obìnrin náà. Ó wò mí lójú. Ó wo àyà mi níbi tí wọ́n lẹ orúkọ mi sí, orúkọ tí bàbá mi sọ mí, tí Yorùbá kan ò lè ṣì mọ̀. Ó wá rẹ ohùn sílẹ̀, ó ní, "Ẹ̀gbọ́n, ẹ jọ̀ọ́. Ẹ má jẹ́ kí wọ́n pe ọlọ́pàá. Mo ṣì ní ọ̀kan ní sùkúù, èmi nìkan ni mo lè lọ mú un."

Mo fi Gẹ̀ẹ́sì dá a lóhùn pé mi ò gbọ́ ohun tó ń sọ.

Ẹ jẹ́ n mumi.

Ẹ mọ̀ pé èmi náà, ìyá mi nìkan ló tọ́ mi. Ẹ máa bá mi rẹ́rìn-ín báyìí, mo gbà yín láyè. Nígbà tí mo wà ní ọmọ ọdún mẹ́sàn-án, ọmọ ọdún márùn-ún ni mí nínú bọ́ọ̀sì. Ọmọdé tí kò tíì pé mẹ́fà kì í san owó, ló bá di pé mi ò dàgbà mọ́! Màmá á gbé mi lé ẹsẹ̀, ẹsẹ̀ tèmi á máa wọ́ nílẹ̀ bíi ti ràkúnmí tó jókòó. Kọ̀ǹdọ́kítọ̀ á ní, "Màmá, bọ̀ọ̀dá yìí ńkọ́?" Ìyá mi á ní, "Ọmọ ọdún márùn-ún ni, ìdílé bàbá rẹ̀ ló ga." Ìdílé bàbá wo? Bàbá tí mi ò rí sójú! Ọ̀rọ̀ kan ṣoṣo ló máa ń sọ sí mi létí ká tó wọkọ̀: "Má sọ̀rọ̀ o." Torí tí mo bá lanu, ọ̀rọ̀ tó máa jáde kì í ṣe ti ọmọ ọdún márùn-ún. Bí mo ṣe mọ bí wọ́n ṣe ń dákẹ́ nìyẹn.

Kò sẹ́ni tó mú ìyá mi rí. Kọ̀ǹdọ́kítọ̀ mọ̀. Gbogbo ọkọ̀ ló mọ̀! Wọ́n kàn gbójú sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan ni.

Mo ti ń gbọ́ ohùn yín báyìí. Ẹnìkan ti ń sọ pé, "Olè ni olè. Bí gbogbo ẹni tí ebi ń pa bá ń jalè, ta ló máa ṣí ṣọ́ọ̀bù?" Mo gbọ́. Ìwọ nìkan kọ́ lo sọ ọ́. Adájọ́ ńlá kan ní Ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, Lord Denning, sọ ọ́ nínú ìdájọ́ kan tí wọ́n tẹ̀ jáde ní ọdún 1971. Ó ní bí a bá lè fi ebi gba àwíjàre fún olè lẹ́ẹ̀kan péré, a ti ṣílẹ̀kùn fún oríṣiríṣi rúgúdù nìyẹn. Ọ̀rọ̀ ọgbọ́n ni. Ẹni tó ti jẹun ló sọ ọ́, ṣùgbọ́n ọ̀rọ̀ ọgbọ́n ni.

Ẹ jẹ́ n gbé adájọ́ mìíràn wá bá a. Paul Magnaud ni orúkọ rẹ̀, ní ìlú Château-Thierry ní ilẹ̀ Faransé. Ní oṣù Kẹta ọdún 1898, wọ́n mú ọmọbìnrin kan wá síwájú rẹ̀, Louise Ménard, tó ń dá tọ́ ọmọ rẹ̀ kékeré, ìyá tirẹ̀ náà sì wà lọ́rùn rẹ̀. Wákàtí 36 ni wọn ò fi jẹun. Ó mú búrẹ́dì ní ṣọ́ọ̀bù oníbúrẹ́dì, wọ́n mú un. Adájọ́ dá a sílẹ̀. Ó kọ ọ́ sínú ìdájọ́ pé ohun ìbànújẹ́ ni pé ní àwùjọ tó bá létò, ẹnìkan, pàápàá ìyá ọmọ, lè ṣaláìní búrẹ́dì tí kì í sì í ṣe ẹ̀bi rẹ̀. Àwọn agbẹjọ́rò ìjọba pe ẹjọ́ kò-tẹ́-mi-lọ́rùn, kóòtù tó wà ní Amiens náà ní kí ó máa lọ ilé. Ṣé ilẹ̀ Faransé wá tú? Ṣé àwọn oníbúrẹ́dì kógbá wọlé? Wọ́n ṣì ń dín búrẹ́dì títí di òní! Wọn ò tiẹ̀ dúró síbẹ̀, òfin ìwà ọ̀daràn tuntun tí wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí í lò ní 1994 ní abala kan fún ẹni tí ewu tó wà níwájú rẹ̀ mú kó ṣe ohun tó yẹ láti gba ara rẹ̀ tàbí ẹlòmíràn là, níwọ̀n ìgbà tí ohun tó ṣe ò bá ti ju ewu náà lọ.

Búrẹ́dì ni wọ́n ń dín? Wọ́n ń yan án ni! Ẹ forí jìn mí, inú ń bí mi ni.

Ẹlòmíràn ní, "Ṣé kò lọ́mú ni?" Ó dájú pé ọkùnrin ló béèrè yẹn. Ẹ̀gbọ́n, bí ọmọ bá ṣe ń fa ọmú tó lọmú ń ṣe omi tó. Obìnrin tó ń fi ọmọ sílẹ̀ láti àárọ̀ ṣúlẹ̀ lọ síbi iṣẹ́ tí kò sáyè láti fún omi ọmú jáde, omi náà á máa gbẹ lọ díẹ̀díẹ̀ ni. Òògùn àìsàn mìíràn sì wà tí ẹni tó ń lò ó ò gbọ́dọ̀ fún ọmọ lọ́mú rárá. Ẹ tún mọ ohun tí wọ́n ń ṣe tí mílíìkì inú tíìnì bá ń lọ sísàlẹ̀? Omi ni wọ́n ń fi là á. Ṣíbí mẹ́rin á di méjì. Inú ọmọ á kún, ọmọ á sùn. Ṣùgbọ́n omi tó pọ̀ jù máa ń mú iyọ̀ inú ẹ̀jẹ̀ ọmọ ọwọ́ wálẹ̀, gìrì lè gbé e, ó lè kú. Ìyẹn kì í ṣe olè o. Obìnrin tó ń la mílíìkì lómi nílé, kò sí kámẹ́rà lórí rẹ̀, kò sẹ́ni tó máa tẹ rédíò sí i.

Ẹ wá bi mí pé níbo ni bàbá ọmọ wà. Ẹ ṣeun! Ọ̀gá ilé ìtajà náà béèrè. Ọlọ́pàá béèrè. Obìnrin náà ló sì ń dáhùn, lẹ́ẹ̀mẹta, bí ẹni pé òun ló gbé ọkùnrin náà pamọ́ sábẹ́ bùláńkẹ́ẹ̀tì yẹn. Ọkùnrin tó fẹsẹ̀ ara rẹ̀ rìn jáde, ẹnu ọ̀nà wo ló gbà tí síkiọ́rítì kankan ò fi dá a dúró?

Mi ò sọ pé ìyá anìkàntọ́mọ kì í ṣàṣìṣe. Àwọn kan wà tó jẹ́ pé ojúkòkòrò ni, mo ti mú irú wọn, obìnrin kan fi ọmọ rẹ̀ gbé lọ́fínńdà márùn-ún. Ṣùgbọ́n ẹ wo ti Kelley Williams-Bolar ní Akron, ní ìpínlẹ̀ Ohio ní Amẹ́ríkà. Ọmọbìnrin méjì ló ń dá tọ́. Ó fi àdírẹ́sì ilé bàbá rẹ̀ forúkọ wọn sílẹ̀ ní sùkúù tó dáa jù tàdúgbò tirẹ̀ lọ. Ẹ gbọ́ o, wọ́n háyà ọ̀tẹlẹ̀múyẹ́ láti máa tọpa ìyá tó ń gbé ọmọ lọ sí sùkúù! Ní oṣù Kìíní ọdún 2011, ilé ẹjọ́ ní ó jẹ̀bi yíyí ìwé po, ẹ̀wọ̀n ọjọ́ mẹ́wàá, ó lo mẹ́sàn-án. Ó ń kọ́ṣẹ́ tíṣà lọ́wọ́ nígbà náà, ẹ̀sùn ńlá bẹ́ẹ̀ sì tó láti ba iṣẹ́ tíṣà jẹ́ mọ́ ọn lọ́wọ́. Ìgbà tí ariwo pọ̀ ni gómìnà, John Kasich, tó wá sọ ẹ̀sùn náà di kékeré ní oṣù Kẹsàn-án ọdún yẹn. Ẹnìkan á ní irọ́ ni irọ́, ìyá yẹn purọ́. Ó purọ́. Bàbá rẹ̀ ni bàbá rẹ̀ ṣá, ilé rẹ̀ náà sì nilé bàbá rẹ̀. Nínú èdè wa, irọ́ yẹn ò tiẹ̀ gùn rárá. Ta ni nínú wa tí kì í pe ilé bàbá rẹ̀ ní ilé?

Ẹ jẹ́ n padà síbi tí mò ń sá fún.

Nígbà tí mo ní mi ò gbọ́, obìnrin náà tún wo orúkọ àyà mi. Ó rẹ́rìn-ín. Ẹ̀rín kékeré báyìí, ti imú. Kò bú mi. Ká ní ó ṣépè fún mi ni, ó ṣeé ṣe kí n ti gbàgbé rẹ̀. Láti ìgbà náà, Gẹ̀ẹ́sì ló ń sọ sí gbogbo wa, Gẹ̀ẹ́sì tó já gaara ju tèmi lọ, títí tí ọlọ́pàá fi dé.

Ẹ ní kí ni ǹ bá ṣe? Kí n jẹ́ kí ó lọ? Kámẹ́rà wà lórí mi. Ẹni tí mo gba ipò rẹ̀, wọ́n lé e torí pé ó jẹ́ kí ẹnìkan lọ. Mo ti sọ èyí fún ara mi tó ọgọ́rùn-ún ìgbà, òótọ́ sì ni. Ṣùgbọ́n kò sọ pé kí n jẹ́ kí òun lọ! Ẹ padà lọ gbọ́ ọ. Ó ní òun ní ọmọ kan ní sùkúù. Mo lè gba nọ́ńbà sùkúù náà lọ́wọ́ rẹ̀. Mo lè sọ fún ọ̀gá pé ọmọ kan wà níbì kan tó ń dúró. Owó tíìnì méjèèjì wà lápò mi lọ́jọ́ yẹn.

Ní oṣù Kejìlá ọdún 2014, ní Tarrant ní Alabama, Amẹ́ríkà náà ni, wọ́n pe ọlọ́pàá sí obìnrin kan tó fi ẹyin márùn-ún sápò, ẹyin sì ti fọ́ mọ́ ọn lára. Àwọn ọmọ tó wà nílé rẹ̀ ló fẹ́ fún jẹ. Ọlọ́pàá yẹn wọlé, ó fowó ara rẹ̀ ra ẹyin fún un. Ìgbà àkọ́kọ́ tí mo rí ìròyìn yìí, wọ́n fi ránṣẹ́ sí mi lórí WhatsApp, gbogbo ènìyàn ń kọ "Ọlọ́run bùkún un." Èmi ò lè kọ nǹkan kan. Mo pa fóònù. Ọlọ́pàá ni, wọn ò bí wọn sí agbo ilé kan náà, kò pè é ní ẹ̀gbọ́n.

Mi ò mọ ibi tí ọ̀rọ̀ obìnrin tèmi já sí. Wọ́n gbé òun àtọmọ lọ ní nǹkan bí aago méjì àbọ̀, mo fọwọ́ sí ìwé ẹ̀rí, ó tán. Nígbà mìíràn tí mo bá ń ṣí máíkì yìí, tí mo ní "ẹ kú ìkàlẹ̀ o, ẹ̀yin èèyàn mi", mo máa ń rò pé ó lè máa gbọ́ mi níbì kan. Ó lè dá ohùn mi mọ̀. Ó á ní, áà, ó mà gbọ́ Yorùbá.

Nígbà tí ọlọ́pàá lọ tán, ọ̀gá mi bi mí pé, "Ṣé èdè yín ni obìnrin yẹn ń sọ sí ọ?" Mo ní rárá o, pé ti àwọn ará ibòmíràn ni. Ó mi orí. Ó na tíìnì méjèèjì sí mi, ó ní kí n dá wọn padà. Mo gbé wọn lọ sórí pẹpẹ, mo tò wọ́n síbi wọn, mo yí wọn kí orúkọ wọn lè kọjú síta, bí wọ́n ṣe kọ́ wa.