Ẹ Wo Ara Yín Dáadáa Kí Ẹ Tó Pa Krímù

Ẹ káàbọ̀ o. Nọ́ọ̀sì ni mí, Mushin níbí ni mo ti ń ṣiṣẹ́. Ẹni tó bá ti di tíúbù krímù mú, ẹ jọ̀ọ́, ẹ gbé e sílẹ̀ ná.

Ẹ kọ́kọ́ jáde síta. Ìmọ́lẹ̀ ọ̀sán la fi ń wo ara, kì í ṣe tọ́ọ̀ṣì fóònù. Ẹ má sì máa wá pupa kiri: lára aláwọ̀ dúdú, ibi tó ń ṣàìsàn sábà máa ń dúdú sí i ni, tàbí kó ṣe bí eérú.

Ẹ sún mọ́ apá ẹ̀gbọ́n yìí. Wọ́n ti fún wa láyè. Ẹ rí etí àbàwọ́n náà? Ó yípo, ó ga díẹ̀, ó ń bó fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́, àárín rẹ̀ sì ti ń mọ́. Làpálàpá nìyẹn. Etí yìí gan-an ni àwọn krímù àpòpọ̀ tó ní sítẹ́rọ́ọ̀dì, ìyẹn oògùn tó ń mú ìyún àti wíwú rọlẹ̀, máa ń pa rẹ́. Ìyún á lọ, inú yín á dùn, àrùn á sì máa gbilẹ̀ lábẹ́lẹ̀. Nígbà tó bá fi máa padà jáde, kò ní jọ làpálàpá mọ́.

Tó bá jẹ́ òru ló ń yún jù, ẹ yẹ àárín ìka, ọrùn ọwọ́ àti ìbàdí wò. Mo máa ń béèrè pé, "Ta lẹ jọ ń sùn?" Tí àwọn yẹn náà bá ń họra, kúrùnà ni mo máa kọ́kọ́ fura sí. Gbogbo ilé ló máa lo oògùn lọ́jọ́ kan náà, títí kan ẹni tí kò yún, torí ó lè tó ọ̀sẹ̀ 4 sí 6 kó tó yún ẹni tó ṣẹ̀ṣẹ̀ kó o.

Funfun-funfun ọrùn àti àyà ńkọ́? Ẹ fi èékánná rọra họ ọ́. Tí ìyẹ̀fun bá ń jáde, ooru àti òógùn Èkó yìí wà níbẹ̀. Kì í ràn.

Àbàwọ́n tí kò yún rárá ló ń jẹ́ kí n dúró. Ẹ yí òwú, kí ẹnu rẹ̀ ṣe ṣóńṣó. Kí ẹni náà dijú, kó máa fi ìka tọ́ka síbi tí òwú bá ti kàn án. Ẹ kọ́kọ́ fi kan ibi tó dáa, kẹ́ ẹ wá fi kan àárín àbàwọ́n. Ẹ má bi í pé "ṣé o mọ̀ ọ́n lára?", torí á kàn ní bẹ́ẹ̀ ni. Ẹ dákẹ́, kẹ́ ẹ máa wo ìka rẹ̀. Tí kò bá tọ́ka, ó lè jẹ́ ẹ̀tẹ̀. Kì í ṣe èpè o. Dókítà Hansen ará Norway ti rí kòkòrò tó ń fà á láti 1873. Ọ̀fẹ́ ni oògùn rẹ̀, oṣù 6 tàbí 12 la sì ń lò ó.

Èyí tó ṣọ̀wọ́n ni kókó tí kì í ro, tó wá ya, tó di egbò tó ń jẹ abẹ́ awọ lọ. Eéwo máa ń ro; èyí kì í ro. Ẹ má tẹ̀ ẹ́, ẹ má fi abẹ kàn án. Ilé ìwòsàn ìjọba tó bá sún mọ́ yín ni kẹ́ ẹ gbé e lọ, wọn á sì kọ̀wé ránṣẹ́ sí LUTH, ilé ìwòsàn ńlá ti Yunifásítì Èkó, ní Ìdí-Àràbà tó bá gbà bẹ́ẹ̀.