Ṣóyínká: Orúkọ Ọmọkùnrin Tí Gbogbo Ayé Mọ̀, Tí A Kì Í Sábà Sọ Ọmọ

Ẹ kú ìjókòó o, ẹ̀yin olùwòran wa. Bí ẹ bá dúró sí àárín ọjà ní Ìjẹ̀bú-Òde, tí ẹ sì pariwo pe “Yínká!”, ẹni tí yóò dáhùn kò ní jẹ́ ẹyọ kan. Adéyínká á yíjú padà, Ọláyínká á ní ta ni ó ń pe òun, Olúyínká náà á sì dúró. Ẹni tí ó ṣeé ṣe kí ẹ má rí láàárín wọn ni ọmọkùnrin tí àwọn òbí rẹ̀ sọ ní Ṣóyínká ní ọjọ́ kẹjọ tí wọ́n bí i. Orúkọ náà ni a fẹ́ yẹ̀ wò lónìí, nítorí pé ìdajì rẹ̀ wọ́pọ̀ bí omi òjò, ìdajì kejì ni àwọn ènìyàn ń sá fún.

Gbólóhùn odindi ni orúkọ yìí, gẹ́gẹ́ bí púpọ̀ nínú orúkọ Yorùbá ti rí. Ohun tí ó ń sọ ni pé: Oṣó yí mi ká. Fáwẹ̀lì tí ó ṣáájú nínú “oṣó” bọ́ sílẹ̀, ó ku “Ṣó”. “Mi” súnkì títí ó fi di ìró imú lásán, ó sì lẹ̀ mọ́ “yí”, ìdí nìyẹn tí a fi ń gbọ́ “yín” dípò “yí mi”. Irú ìsúnkì kan náà ni ó wà nínú Akínwándé, èyí tí í ṣe “akin wá mi dé”. Ó sì dùn mọ́ni pé Akínwándé ni orúkọ tí ó ṣáájú nínú orúkọ Ọ̀jọ̀gbọ́n Wọlé Ṣóyínká, kí a tó kan Olúwọlé àti Babátúndé. Ìyẹn ni pé “mi” tí ó fara pamọ́ yìí wà nínú orúkọ rẹ̀ lẹ́ẹ̀mejì.

Ibi tí ọ̀rọ̀ ti le ni “oṣó”. Lẹ́nu àwa ará òde òní, ẹni burúkú ni oṣó, ó sì máa ń bá àjẹ́ rìn nínú àdúrà tí a fi ń lé ibi jìnnà. Bẹ́ẹ̀ sì ni, ọkùnrin tí ó ní agbára tí ojú lásán kò rí, tí ará ilé rẹ̀ ń sá pamọ́ sábẹ́ rẹ̀, tí ará ìta sì ń bẹ̀rù, ni àwọn baba wa ń pè bẹ́ẹ̀. Agbára ni ọ̀rọ̀ náà kọ́kọ́ tọ́ka sí. Ìwà ẹni tí ó ní in ni ó ń sọ bóyá ire ni tàbí ibi.

Ǹjẹ́ ẹni tí ó sọ ọmọ rẹ̀ ní Ṣóyínká ń ṣọpẹ́ ni, tàbí ó ń ké gbàjarè? Ọ̀rọ̀ ìṣe “yí ká” kò gbè sí ẹ̀gbẹ́ kan. Nínú Orin Dáfídì, orí 125, bí òkè ti yí Jerúsálẹ́mù ká ni Olúwa yí àwọn ènìyàn rẹ̀ ká, ààbò sì ni èyí. Ṣùgbọ́n ní orí 22 nínú ìwé kan náà, akọ màlúù púpọ̀ ni ó yí ẹni tí ń kọrin ká, ewu sì ni ìyẹn. Àwọn kan lè sọ pé ẹni tí oṣó yí ká ti wọ gàù. Èmi kò gbà bẹ́ẹ̀, ẹ̀rí tí mo sì gbé dání ni àwọn orúkọ tí ó jẹ́ ọmọ ìyá rẹ̀. Ṣódípọ̀ ń sọ pé oṣó di ọ̀pọ̀. Ṣóbọ̀wálé ń sọ pé oṣó bọ̀ wá sílé. Ṣówándé ń sọ pé oṣó wá mi dé, Ṣólàárín sì ń sọ pé oṣó wà láàárín. Kò sí èyí tí ń sunkún nínú wọn. Ipò tí Adé, Akin tàbí Olú máa ń wà nínú orúkọ mìíràn ni Oṣó wà nínú ìwọ̀nyí, ilé tí a sì ti lè fi irú ọ̀rọ̀ bẹ́ẹ̀ yangàn, a jẹ́ pé ilé tí a ti mọ oṣó sí alágbára wọn ni. Ilé ni à ń wò kí a tó sọmọ lórúkọ. Olóṣó kò ní fi Ọ̀jẹ̀ sọ ọmọ rẹ̀ bí ẹni pé ìdílé eégún ni ó ti wá.

Bí ẹ bá gbọ́ orúkọ tí ó fi “Ṣó” bẹ̀rẹ̀ báyìí, Ìjẹ̀bú, Rẹ́mọ tàbí Ẹ̀gbá ni kí ẹ kọ́kọ́ fọkàn sí. Ọ̀pọ̀ ènìyàn ni ó rò pé Ẹ̀gbá ni Ṣóyínká, nítorí pé Abẹ́òkúta ni wọ́n ti bí Ọ̀jọ̀gbọ́n Wọlé Ṣóyínká ní ọjọ́ 13 oṣù Keje ọdún 1934, ibẹ̀ náà ni ó sì dàgbà sí. Ṣùgbọ́n ọmọ Ìsarà Rẹ́mọ, ìlú tí ọba rẹ̀ ń jẹ́ Ọdẹ́mọ, ni bàbá rẹ̀, Samuel Ayọ̀délé Ṣóyínká, tí iṣẹ́ olùkọ́ gbé dé Abẹ́òkúta. Láti Ìkẹ́nnẹ́, tí kò jìnnà sí Ìsarà, ni Táì Ṣólàárín, ẹni tí ó dá ilé-ẹ̀kọ́ Mayflower sílẹ̀ ní ọdún 1956, ti wá. Oṣó méjì láti ilẹ̀ Rẹ́mọ kan náà, àwọn méjèèjì sì mú ìjọba lágara, ẹnìkan fi gègé, ẹnìkan fi ṣòkòtò péńpé.

Kí ló wá dé tí orúkọ náà fi ṣọ̀wọ́n? Ẹ jẹ́ kí a padà sí oṣù Karùn-ún ọdún 1892, nígbà tí àwọn ọmọ ogun Gẹ̀ẹ́sì tí ó ti Èkó wá ṣẹ́gun Ìjẹ̀bú ní Ìmàgbọn. Títí di ìgbà náà, Ìjẹ̀bú ti ilẹ̀kùn rẹ̀ mọ́ àwọn àjèjì. Lẹ́yìn rẹ̀ ni ìjọ Kristẹni àti ẹ̀sìn Ìsìláàmù tàn kálẹ̀ ní Ìjẹ̀bú àti Rẹ́mọ bí iná ọyẹ́, tí ilé-ẹ̀kọ́ sì tẹ̀lé ìjọ. Ẹni tí ó ti ṣe ìrìbọmi, tàbí tí ó ń kírun ní ìgbà márùn-ún lóòjọ́, kò ní fẹ́ kí oṣó jẹ́ ohun àkọ́kọ́ tí a óò gbọ́ nínú orúkọ ọmọ rẹ̀. Olú, Ọlá, Adé àti Ayọ̀ gba ipò. Ẹ rántí pé kò sí ohun tí ó ṣe “yínká”: orí nìkan ni wọ́n gé, wọ́n fi orí mìíràn rọ́pò rẹ̀, Yínká sì ń bá ayé rẹ̀ lọ, lọ́kùnrin àti lóbìnrin.

Ilé-ẹ̀kọ́ yìí kan náà ni ó gba Ṣóyínká là. Láyé àtijọ́, kò sí ohun tí ń jẹ́ orúkọ ìdílé bí a ti mọ̀ ọ́n lónìí. Olúkúlùkù ní orúkọ tirẹ̀, oríkì tirẹ̀ àti ilé tí ó ti wá. Nígbà tí akọ̀wé ìjọ tàbí olùkọ́ bá ṣí ìwé ńlá rẹ̀, tí ó béèrè lọ́wọ́ ọmọdé pé, “Kí ni orúkọ bàbá rẹ?”, ohun tí ọmọ náà bá dá lóhùn ni a óò kọ sí ẹ̀yìn orúkọ rẹ̀, ibẹ̀ ni yóò sì wà fún ọmọ, ọmọ-ọmọ àti àwọn tí ń bọ̀ lẹ́yìn. Nítorí náà, nínú ìdílé kọ̀ọ̀kan tí ń jẹ́ Ṣóyínká, ọkùnrin kan wà rí tí wọ́n fi oyin àti iyọ̀ kàn lẹ́nu tí wọ́n sì sọ ọ́ bẹ́ẹ̀. Àwọn tí ó kù jogún rẹ̀ ni. Ìdí nìyẹn tí Olúwọlé, tí ó jẹ́ “Olúwa wọlé”, fi lè dúró lẹ́gbẹ̀ẹ́ “Oṣó yí mi ká” lórí ìlà kan náà láìsí ìjà, tí obìnrin tí ó ti ìlú mìíràn wá ṣe aya sì lè di Ìyáàfin Ṣóyínká, kí orúkọ tí wọ́n fi ń pe ọmọkùnrin di tirẹ̀.

Ní ti òkìkí, ẹ̀yin náà mọ̀ ọ́n. Ní ọdún 1986, Wọlé Ṣóyínká di ọmọ Áfíríkà adúláwọ̀ àkọ́kọ́ tí ó gba ẹ̀bùn Nobel nínú lítíréṣọ̀, ní ọdún 2024 wọ́n sì fi orúkọ rẹ̀ pe gbọ̀ngàn eré ìjọba àpapọ̀ tí ó wà ní Ìgànmú ní Èkó. Ibùdó ọkọ̀ ojú irin kan ní Abẹ́òkúta náà ń jẹ́ Wọlé Ṣóyínká. Ṣùgbọ́n orúkọ ìdílé ni gbogbo ìyẹn gbé ga.

Bí ẹ bá fẹ́ kọ ọ́ sílẹ̀, ẹ má gbàgbé àmì abẹ́ S. Nítorí pé ẹ̀rọ ìtẹ̀wé kò ní àmì náà, àwọn kan ń kọ Sodipo, àwọn mìíràn ń kọ Shodipo, ẹni tí kò bá sì gbọ́ Yorùbá á máa pe Ṣóyínká bí ẹni pé “s” lásán ni.

Ó ku ẹni tí ó bá fẹ́ sọ ọmọ tuntun ní Ṣóyínká lónìí. Àwọn tí ń jẹ́ ẹ gẹ́gẹ́ bí orúkọ ìdílé kò ní fẹ́ kí ọmọ wọn máa jẹ́ Ṣóyínká Ṣóyínká, nítorí náà ilé mìíràn ni yóò ti jáde. Bí bàbá àgbà bá sì sọ owó sínú àwo ní ọjọ́ náà, tí ó pe orúkọ yìí, àwọn tí ó wá jẹ ìkókọrẹ́ á rò pé nítorí òǹkọ̀wé ni. Oṣó kò ní wá sí ọkàn ẹnikẹ́ni. Tí wọ́n bá dé ọ́fíìsì tí a ti ń forúkọ ọmọ sílẹ̀, ó ṣeé ṣe kí akọ̀wé gbé bírò dúró, kí ó wo bàbá ọmọ, kí ó sì ní, “Ẹ jọ̀ọ́, sà, orúkọ ìdílé kọ́ ni mo béèrè o. Orúkọ ọmọ gan-an ńkọ́?”