Ọdún Méjì Kò Tó fún Ìwádìí Oko

Ẹ kú ìkàlẹ̀ o, ẹ̀yin ará wa lẹ́yìn odi. Èmi nìkan ni mo wà nídìí máíkì lónìí.

Lálẹ́ àná, mo mú bírò, mo ń sàmì sí àwọn ìwé tí wọ́n tọ́ka sí lẹ́yìn àpilẹ̀kọ kan lórí ajílẹ̀ àti àgbàdo. Èyí tó jẹ́ ti ọdún méjì tó ṣáájú rẹ̀ kò pé márùn-ún. Àárín àwọn àgbà tó kù ni mo ti bá Walkley àti Black, 1934.

Ẹnikẹ́ni tó bá ti yẹ ilẹ̀ wò rí ní láàbù mọ àwọn méjì yìí. Àwọn ló kọ bí a ṣe ń fi kẹ́míkà kan tó ń jẹ́ dichromate àti ásíìdì wọn kábọ́ọ̀nù inú erùpẹ̀. Tí o bá da ásíìdì yẹn sí i, ìgò á gbóná lọ́wọ́ rẹ, àwọ̀ ọsàn á máa di àwọ̀ ewé. Ó ti lé ní 90 ọdún, a ṣì ń tọ́ka sí wọn.

Ṣùgbọ́n impact factor, nọ́ńbà tí jọ́nà, ìwé tó ń tẹ àpilẹ̀kọ ìwádìí jáde, fi ń yangàn, kò rí ìyẹn. Iye ìgbà tí wọ́n tọ́ka lọ́dún yìí sí àpilẹ̀kọ ọdún méjì tó kọjá ni wọ́n ń kà, wọ́n á sì fi iye àpilẹ̀kọ náà pín in. Ẹni tó ka iṣẹ́ mi lónìí á wá owó, á dúró de òjò, á gbin oko lẹ́ẹ̀mejì, ó kéré tán, kó tó kọ tirẹ̀. Ọdún méjì ti lọ!

Ìgbìmọ̀ kan ti sọ fún mi rí pé jọ́nà tí mo kọ ọ̀rọ̀ èpò sí kò ga tó. Kò sẹ́ni tó bi mí pé kí ni mo rí lóko. Ó dùn mí wọra. Bẹ́ẹ̀ sì rèé, ní 2012 ní San Francisco, àwọn olóòtú jọ́nà àti àwọn tó ń tẹ̀ ẹ́ kóra jọ, àdéhùn DORA sì jáde níbẹ̀: kí a má fi nọ́ńbà jọ́nà díwọ̀n iṣẹ́ ẹnì kan.

Ọ̀ràn kan ṣì wà lọ́rùn èmi náà. Ọ̀pọ̀ ọdún ni mo fi ń tọ́ka sí Walkley àti Black láìka ojú ewé kan níbẹ̀. Ìwé ẹlòmíì ni mo ti ń ṣà wọ́n kọ. Ojú ewé mẹ́wàá péré ni. Mo ti tẹ̀ ẹ́ jáde, ó wà lórí tábìlì níwájú mi báyìí, mo sì ti dé ojú ewé kẹta.