Gíga, Kúkúrú àti Ìbàdí Nínú Júdò

Bùkọ́lá: Bọ̀dá Wálé, àwọn èèyàn máa ń sọ pé ẹni kúkúrú ló ni seoi nage, ìyẹn gbígbé èèyàn gba orí ẹ̀yìn jù sílẹ̀, ẹni gíga ló ni osoto gari, ìyẹn fífi ẹsẹ̀ gbá ẹsẹ̀ ẹnìkejì láti ẹ̀yìn. Ṣé òótọ́ ni?

Bọ̀dá Wálé: Ó kù díẹ̀ kó jẹ́ òótọ́. Ibi tí ìbàdí rẹ wà sí ti ẹnìkejì ni kókó. Nínú seoi nage, bẹ́líìtì tìrẹ gbọ́dọ̀ wà nísàlẹ̀ tirẹ̀. Ẹni kúkúrú ti wà níbẹ̀ tẹ́lẹ̀; ẹni gíga ní láti tẹ orúnkún kó tó débẹ̀. Èyí tí kò bá tẹ orúnkún, á tẹ ìbàdí, ni ìwúwo ẹlòmíì á bá gùn ún lẹ́yìn.

Bùkọ́lá: Ẹ̀yìn á sì máa dùn ún.

Bọ̀dá Wálé: Kí ló fẹ́ ṣe! Ọwọ́ òsì á fa apá aṣọ sókè síwájú, bí ẹni tó fẹ́ wo aago ọwọ́. Ìgbọ̀nwọ́ ọ̀tún á wọ abẹ́ abíyá rẹ̀. Ẹsẹ̀ méjèèjì á wọ àárín ẹsẹ̀ tirẹ̀, orúnkún á tẹ̀, àyà á nà. Nígbà tí orúnkún bá ń nà padà ló ń gbé e.

Bùkọ́lá: Toshihiko Koga, ọmọ Japan, nìyẹn. Ó gba góòlù Òlíńpíìkì kílò 71 ní Barcelona lọ́dún 1992, tòun ti orúnkún tó ti fara pa kí ìdíje tó bẹ̀rẹ̀. Orí ìdúró ló ti ń ṣe é. Àwọn tó ń kúnlẹ̀ ńkọ́?

Bọ̀dá Wálé: Mi ò fẹ́ràn rẹ̀ fún ẹni tó ṣẹ̀ṣẹ̀ ń kọ́ ọ. Bó bá kúnlẹ̀ jìnnà díẹ̀ báyìí, ẹ̀yìn rẹ̀ ló gbé fún ẹnìkejì yẹn.

Bùkọ́lá: Teddy Riner, ọmọ Faransé tó ń ja júdò, ga tó mítà 2.04, osoto gari sì bá a mu gan-an.

Bọ̀dá Wálé: Ẹsẹ̀ gígùn tètè dé ẹ̀yìn itan. Àmọ́ gbé ẹsẹ̀ òsì sẹ́gbẹ̀ẹ́ ẹsẹ̀ ọ̀tún rẹ̀, fi àyà ti àyà títí ìwúwo rẹ̀ á fi bọ́ sórí gìgísẹ̀ yẹn, kí o tó gbá a. Bí o bá fara sẹ́yìn, òun ni yóò fi osoto gari kan náà dá ọ.

Bùkọ́lá: Tí ẹni kúkúrú bá wá pàdé irú ẹni gíga bẹ́ẹ̀ ńkọ́?

Bọ̀dá Wálé: Kó má nawọ́ sí ọrùn aṣọ o! Apá rẹ̀ á ti nà tán, kò ní lè fa nǹkan kan, wọ́n á sì tẹ orí rẹ̀ mọ́lẹ̀. Kó mú aṣọ níwájú àyà, kó di apá aṣọ mú nítòsí ìgbọ̀nwọ́.

Bùkọ́lá: Kó wá fi kouchi gari bẹ̀rẹ̀: kó fi àtẹ́lẹsẹ̀ gbá gìgísẹ̀ ọ̀tún rẹ̀ láti inú.

Bọ̀dá Wálé: Ẹ̀ẹ́n. Yóò fẹ́ yọ ẹsẹ̀ náà, ara rẹ̀ á sì tì síwájú. Ìgbà yẹn gan-an ni kó yí wọlé fún seoi nage.